Ilé olódi tó di ilé àgbẹ̀: ọjọ́ márùn-ún láti Ripon dé Aydon

Ọjọ́ kìíní, Ọjọ́rú. Leeds sí Ripon

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni èmi àti Bọ̀ọ̀dá mi gbéra ní Leeds nínú fáànù wọn, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó yanrìn àti búlọ́ọ̀kù lọ síbi iṣẹ́. Bíríkìlà ni wọ́n. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń mọ ògiri fún àwọn ará ìlú yìí. Èmi ni mo nífẹ̀ẹ́ ìtàn, àwọn ni wọ́n nífẹ̀ẹ́ òkúta. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, kí a jọ lọ wo irú ilé kan tí mo ti ń kà nípa rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Irú ilé náà rèé. Ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, onílẹ̀ tó bá rí já jẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa kọ́ ilé òkúta sáàárín oko rẹ̀. Àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ náà a máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún un, inú ilé yẹn ni ó ti ń gbọ́ ẹjọ́ wọn, ibẹ̀ náà ni ó ti ń gbàlejò. Kì í ṣe ààfin, kì í sì í ṣe ibùdó ọmọ ogun. Ṣùgbọ́n bí ìlú bá gbóná, onílẹ̀ a mọ odi yí ilé rẹ̀ ká, a gbẹ́ yàrà, a sì fẹ́ kí orí odi náà gé wálawàla bí eyín, kí tafàtafà lè yọjú ta ọfà kó sì tún fara pamọ́. Èyí kò ṣeé dá ṣe. Ó ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọba, torí ọba kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàdédé di olódi mọ́ òun lọ́wọ́. Nígbà tí ogun rọlẹ̀, tí àwọn olówó kó lọ sílé tuntun, ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ń háyà oko. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń jẹ àsè di ibi ìkó-ọkà-sí.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láàárín èmi àti Bọ̀ọ̀dá mi tó jẹ́ kí n mú àwọn gan-an lọ, kì í ṣe ẹlòmíì. Bàbá bàbá wa fi owó obì àti kòkó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ayálégbé kan ló wà níbẹ̀ báyìí, obìnrin kan tó ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé, tó kó àpò gàrí sí pálọ̀ tí bàbá wa àgbà ti ń gba àwọn olóyè lálejò. Adìyẹ rẹ̀ ń sùn lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ní ìpàdé ẹbí tí a ṣe lórí fóònù nígbà Àjíǹde, Bọ̀ọ̀dá mi ní kí wọ́n lé e jáde, kí a ti ilé náà pa. Wọ́n ní, "Ilé bàbá wa kì í ṣe abà." Mi ò fèsì lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán ní inú mi.

A dé Ripon kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìlú kékeré ni, ṣùgbọ́n ilé ìjọsìn ńlá tó wà níbẹ̀ ga tó fi jẹ́ pé òkèèrè ni a ti ń rí i. Lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ni iyàrá òkúta kékeré kan wà tí Wilfrid mímọ́ kọ́ ní 672. A ní láti tẹrí ba kí a tó lè wọ ibẹ̀. Kì í ṣe torí ìyẹn ni mo fi wá. Ibojì kan ni mo ń wá, ibojì Sir Thomas Markenfield àti ìyàwó rẹ̀, nítorí ilé ìdílé wọn ni a máa lọ wò lọ́la. Wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ lórí ibojì náà, ó dùbúlẹ̀ gbalaja nínú aṣọ irin ogun. Ọjọ́ ti jẹ ojú rẹ̀, imú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọrùn rẹ̀: ẹ̀gbà ọrùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ bí ọgbà onígi, igi kọ̀ọ̀kan dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, àgbọ̀nrín kan sì dùbúlẹ̀ sáàárín ọgbà náà, ó ká ẹsẹ̀ jọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n lè wò ó dáadáa. Ẹni tó gbẹ́ àgbọ̀nrín yẹn mọ bí ẹran ṣe máa ń sinmi.

Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, a dúró sí gbàgede ọjà. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ìgbàanì jáde wá, ó fọn ìwo lẹ́ẹ̀mẹrin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin òpó gíga tó wà láàárín ọjà, láti fi sọ pé ìṣọ́ òru ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo alẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Àwọn ará Ripon ní láti ọdún 886 ni àṣà náà ti wà. Bọ̀ọ̀dá mi ṣí fìlà wọn fún un.

Ọjọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀. Markenfield

Markenfield Hall wà ní máìlì mẹ́ta sí gúúsù Ripon. Ìdílé kan ló ń gbé inú rẹ̀, nítorí náà ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń ṣí i fún àlejò lọ́dún, ní oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà. Ọ̀nà oko ni a gbà wọlé, pápá lọ́tùn-ún lósì, títí a fi bọ́ sáàárín àwọn ilé ẹran àti àká. Ohun àkọ́kọ́ tó kí wa káàbọ̀ ni òórùn ìgbẹ́ màlúù. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi ṣí sílẹ̀ níwájú wa, ilé òkúta sì dìde láti àárín rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, yàrà kì í ṣe àjèjì sí mi. Mo ti dúró nínú Erédò Súngbọ́, yàrà tó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà yí ilẹ̀ wa ká, tí ògiri rẹ̀ ga ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ níbòmíràn. Yàrà Markenfield kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n omi ṣì kún inú rẹ̀ dẹ́ńdẹ́ dé ẹsẹ̀ ògiri, ilé náà sì hàn nínú omi náà bí ẹni pé méjì ni.

John de Markenfield ló gba ìwé àṣẹ ọba láti fi odi eléyín sí i ní 1310. Ìjòyè ilé ìṣúra Ọba Edward Kejì ni. Ó kọ́ gbọ̀ngàn rẹ̀ sókè, ó fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún ìkẹ́rùsí, bí àwọn olówó ìgbà yẹn ṣe máa ń ṣe, kí ọ̀tá tó bá ráyè wọlé má baà bá onílé lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ìta ni àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn náà wà nígbà náà. Wọ́n ti wó o, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ kò kúrò lára ògiri. Bọ̀ọ̀dá mi ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n na ìka sí ìlà kan tó dagun sókè lára òkúta, wọ́n ní, "Wo ibi tí òrùlé àtẹ̀gùn náà ti bá ògiri pàdé. Ẹni tó dí i kò bo àṣírí." Wọ́n tẹ̀ lé ìlà náà pẹ̀lú ojú láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí ẹni ń ka ìwé.

Nínú ilé àdúrà kékeré tó wà lókè ni ìtàn ilé náà ti yí padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1569, àwọn ọlọ́lá àríwá dìde sí Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀sìn Kátólíìkì padà, wọ́n sì fẹ́ tú Mary ọbabìnrin Skọ́tílándì sílẹ̀ ní ìgbèkùn. Thomas Markenfield, àrọ́mọdọ́mọ ẹni tó ní àgbọ̀nrín lọ́rùn, wà lára àwọn tó ń tì wọ́n síwájú jù, òun àti ìbátan rẹ̀ àgbà, Richard Norton. Wọ́n gbé àsíá ọgbẹ́ márùn-ún Jésù dání. Kí ọdún tó tán, ọ̀tẹ̀ ti fọ́. Ìjọba so ọ̀pọ̀lọpọ̀ mẹ̀kúnnù rọ̀ káàkiri àwọn abúlé. Ní 1572 wọ́n bẹ́ orí ọ̀kan nínú àwọn olórí ọ̀tẹ̀ náà, ọlọ́lá Northumberland, ní York. Thomas sá kọjá òkun, kò sì padà wá mọ́. Òṣì ni ó kú sí nílẹ̀ àjèjì. Ọba gbẹ́sẹ̀ lé ilé, oko, yàrà, gbogbo rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni Markenfield ti di ilé àgbẹ̀. Àwọn tó ni í lórí ìwé kò gbé ibẹ̀. Àwọn ayálégbé tó ń dáko ló ń gbé ibẹ̀, ìran kan lẹ́yìn òmíràn. Ní 1761, Fletcher Norton, amòfin tó padà di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ra ilé náà, ó sì tún òrùlé gbọ̀ngàn ṣe, ṣùgbọ́n òun náà fi àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ Norton yẹn kì í ṣe èèṣì. Ìdílé rẹ̀ ka ara wọn sí ọmọ Richard Norton tó gbé àsíá ọ̀tẹ̀ ní 1569. Àwọn ọmọ wọn ló ṣì ni ilé náà títí di òní, láti nǹkan bí ọdún 1980 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, tí wọ́n padà wá ń gbé inú rẹ̀.

Mo jókòó sórí òkúta kan létí yàrà nírọ̀lẹ́, mo ń ronú. Ìdílé tó lọ́lá ìbá ti wó ilé yìí láìmọye ìgbà. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ni fèrèsé ń ní àṣà tirẹ̀, tí àwọn olówó sì ń lé àṣà náà. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ọ̀pọ̀ wọn wó ilé bàbá wọn lulẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ èyí tó ní òpó funfun níwájú. Àgbẹ̀ tó ń háyà kò lówó irú ìyẹn. Ó fi ọkà síbi tó gbẹ, ó dáná síbi tí ààrò wà, tí òjò bá jò ó gun òrùlé lọ dí i. Mo sọ ọ́ fún Bọ̀ọ̀dá mi. Wọ́n ní, "Mo gbọ́." Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹta, Ẹtì. Ọ̀nà àríwá

Òjò ni láti àárọ̀. Wákàtí méjì lé díẹ̀ ni a lò lójú títì. A gba A68, tó ń tẹ̀ lé Dere Street níbi púpọ̀, ọ̀nà tí àwọn ará Róòmù là. Ó ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó tọ́ gbọnrangandan bí okùn tí bíríkìlà ta.

Corbridge ni a sùn sí, létí odò Tyne. Afárá olókùúta tó wà níbẹ̀, 1674 ni wọ́n kọ́ ọ; nígbà tí odò kún àkúnya ní 1771, òun nìkan ni odò kò gbé lọ nínú gbogbo afárá orí Tyne. Bọ̀ọ̀dá mi dúró nínú òjò wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí aṣọ wọn fi tutù jinginni.

Nínú ọgbà ilé ìjọsìn Andrew mímọ́ ni mo ti rí ohun tó fi bí ìgbésí ayé ṣe rí ní ẹkùn yìí hàn mí. Ilé olókùúta kan wà níbẹ̀, ó ga, ó fún, fèrèsé rẹ̀ kò ju kí ọwọ́ gba inú rẹ̀ lọ. Ilé àlùfáà ni. Ní nǹkan bí ọdún 1300, àlùfáà tó ń wàásù ìfẹ́ ọmọnìkejì ní láti máa sùn nínú odi. Òkúta tí wọ́n fi kọ́ ọ, láti inú ìlú Róòmù tó ti parun lẹ́yìn abúlé ni wọ́n ti kó o wá.

Ọjọ́ kẹrin, Àbámẹ́ta. Aydon

Òjò ti dá. Ẹsẹ̀ ni a fi rìn láti Corbridge, kò ju máìlì kan àbọ̀ lọ. Aydon Castle ni wọ́n ń pè é, àwọn mìíràn sì ń pè é ní Aydon Hall, orúkọ kejì ló sì bá a mu jù, nítorí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní ogun lọ́kàn rárá.

Robert de Reymes ni orúkọ rẹ̀. Ìdílé olówó kan ní Suffolk ni ó ti wá, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ewu ààlà Skọ́tílándì kò dé. Ẹkùn ààlà ti wà ní àlàáfíà fún ọjọ́ pípẹ́ nígbà náà, ilẹ̀ sì dára. Ní 1296 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé: gbọ̀ngàn lókè, iyàrá onílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi ìdáná, fèrèsé ńláńlá tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ilé ẹni tó fọkàn balẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni Edward Kìíní, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó ogun wọ Skọ́tílándì, tí àwọn ará Skọ́tílándì náà sì sọ̀ kalẹ̀ wá jó Corbridge. Inú mi bà jẹ́ fún ọkùnrin yìí bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ẹni tó fi gbogbo ọkàn lé ilẹ̀ tuntun, tí ogun sì bá a níbi tó ti ń mọ ògiri.

Ó sáré mọ odi. Ní 1305 ọba fún un ní ìwé àṣẹ láti fi eyín sí orí rẹ̀. Ìhà kan kò nílò odi púpọ̀, nítorí àfonífojì tí odò Cor Burn ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀ ti jìn tó. Ìhà kejì ni wọ́n fi àgbàlá lé àgbàlá, tí àlejò fi ní láti la ẹnu ọ̀nà kan kọjá kó tó kan òmíràn. Ṣùgbọ́n odi náà kò gbà á. Ní 1315, ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn ará Skọ́tílándì ṣẹ́gun ní Bannockburn, wọ́n dé Aydon, wọ́n kó o, wọ́n sì jó o. Ọdún méjì lẹ́yìn náà àwọn ọlọ̀tẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ló gbà á. Ní 1346, David Kejì ọba Skọ́tílándì dé pẹ̀lú ogun rẹ̀. Àwọn tó wà nínú ilé fi í sílẹ̀ fún un lórí àdéhùn pé kó jẹ́ kí wọ́n lọ láàyè. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà ni wọ́n mú David fúnra rẹ̀ ní ìgbèkùn ní Neville's Cross, lẹ́bàá Durham.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ. Wọ́n ní wọ́n mú àwọn adigunjalè ará Skọ́tílándì kan, wọ́n sì ń jù wọ́n láti orí òkúta sínú àfonífojì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń jẹ́ Jock kò dúró kí wọ́n ti òun. Ó sáré, ó fò, ó bọ́ sí òdìkejì láàyè. Jock's Leap ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Mo yọjú wo ìsàlẹ̀. Mo gbà pé ẹni tí kò ní nǹkan kan láti pàdánù mọ́ lè fò ó.

A wọ àgbàlá inú. Nígbà náà ni Bọ̀ọ̀dá mi dúró gbọin, wọ́n rẹ́rìn-ín. Àtẹ̀gùn rèé! Èyí tí a rí àpá rẹ̀ lásán ní Markenfield ṣì wà ní Aydon gan-an, òkúta ni, ó wà níta, ó gun ògiri lọ sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn lókè. Ẹsẹ̀ ti jẹ àárín àwọn òkúta rẹ̀. Mo gùn ún díẹ̀díẹ̀. Mo ń ronú lórí àwọn tó ti gùn ún: ìyàwó Robert pẹ̀lú aṣọ gígùn lọ́wọ́, ọmọ ogun David, ìyàwó àgbẹ̀ tó ru àpò ìyẹ̀fun.

Òfìfo ni inú ilé náà. Kò sí àga, kò sí aṣọ lára ògiri. Bẹ́ẹ̀ òkúta pọ̀ tó láti wò. Nínú iyàrá ìsàlẹ̀ kan, ààrò ìyáná wà tí wọ́n gbẹ́ òkúta orí rẹ̀ yọ síwájú bí ìbòrí láti gba èéfín. Ní ìhà àfonífojì ni wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ́ sí, ihò rẹ̀ já sí ìta odi, kí gbogbo rẹ̀ lè bọ́ sísàlẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi fi ìka họ àárín òkúta méjì nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ní, "Fọwọ́ kàn án." Ó rọ̀, ó sì gbẹ. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé òkúta ẹfun tí wọ́n sun níná, tí wọ́n pò mọ́ yanrìn, ni àwọn ará ìgbàanì fi ń mọ ògiri. Ògiri bẹ́ẹ̀ ń mí. Omi tó wọ inú rẹ̀ a rọ́nà jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, omi a há sínú, òkúta a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láti inú wá. Wọ́n ní àwọn ti rí ilé tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún méjì tó bà jẹ́ láàárín ọdún mẹ́wàá nítorí onílé tó fẹ́ kó dán.

Mo béèrè pé, "Bọ̀ọ̀dá, ta wá ni kò jẹ́ kó bà jẹ́ níbí?"

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Ní 1603, ọba Skọ́tílándì jẹ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ààlà di àárín ilé kan. Àwọn tó ti ń sá pamọ́ sínú odi fún 300 ọdún kò rí ẹni sá fún mọ́. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún yẹn ni Aydon di ilé àgbẹ̀. Ó wá bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Blackett ti Matfen, tí àwọn fúnra wọn ń gbé ilé tó tóbi jù ú lọ, tí àwọn àgbẹ̀ ayálégbé sì ń gbé Aydon. Bẹ́ẹ̀ ni ó wà títí di 1966, nígbà tí ìjọba gbà á. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Àgbẹ̀ gbé ilé yìí fún nǹkan bí 300 ọdún, ìlọ́po mẹ́fà àádọ́ta ọdún tí Robert fi kọ́ ọ tí ogun fi ń gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìgbà tiwọn ló gùn jù ní àlàáfíà nínú gbogbo ìtàn rẹ̀. Ọwọ́ wọn ni ó ti wá bá wa, tí English Heritage, àjọ tó ń tọ́jú rẹ̀ báyìí, fi lè sọ pé ó wà lára àwọn ilé irú rẹ̀ tí kò yí padà jù láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá.

Ṣùgbọ́n níbo ni àwọn àgbẹ̀ náà wà? Ohun tó dùn mí nìyí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ gbangba. Lẹ́yìn tí ìjọba gba ilé náà, wọ́n tún un ṣe padà sí bó ṣe rí nígbà ayé Robert. Mo mọrírì iṣẹ́ náà. Òrùlé mọ́, ògiri dúró. Síbẹ̀ mo wá ibi tí àgbẹ̀ gbé ìkòkò rẹ̀ kà, ibi tí ó so ẹran rẹ̀ mọ́, mo wá àmì ọmọdé tó dàgbà sínú gbọ̀ngàn yìí ní 1900. N kò rí i. Ìdílé de Reymes ní ìtàn, àwọn ọmọ ogun Skọ́tílándì ní ìtàn, Jock tí a kò mọ̀ bóyá ó wà rí ní ibi tí a fi orúkọ rẹ̀ pè. Àwọn tó gbá ilẹ̀ ilé náà fún 300 ọdún ni wọ́n gbá dànù.

A jókòó sínú ọgbà eléso tó wà nínú odi, a jẹ búrẹ́dì àti ẹyin tí a gbé wá. Bọ̀ọ̀dá mi kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá ní, "Nígbà tí a wà ní kékeré, ilé bàbá Ṣẹ́gun ńkọ́, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa?" Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Ilé tó dára ju tiwa lọ, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ewé. Àwọn ọmọ náà tì í pa nígbà tí bàbá wọn kú, kí ẹnikẹ́ni má baà bà á jẹ́. Páànù kan ṣí. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ tó máa gbọ́ ọ nígbà tí ó ń lù pẹ́pẹ́ lóru. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, igi pàápàá ti hù nínú pálọ̀.

"Ilé tí ó ní ẹni tó ń dáná nínú rẹ̀," mo bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n gbé ọwọ́ sókè. "Àbúrò, mo ti rí i. Má tún un sọ."

Ọjọ́ karùn-ún, Àìkú. Hexham, àti ilé

Ìsìn òwúrọ̀ ni a lọ ṣe ní Hexham. Wilfrid kan náà tó kọ́ iyàrá abẹ́ ilẹ̀ ní Ripon kọ́ òmíràn síbẹ̀ láti 674. Òkúta ìlú Róòmù tó wà ní Corbridge ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìwé Róòmù sì ṣì wà lára àwọn kan. Lára ọ̀kan, wọ́n ti fi irin pa orúkọ kan rẹ́: Geta ni, ọmọ Septimius Severus, ọba Róòmù tí wọ́n bí ní Leptis Magna ní àríwá Áfíríkà. Caracalla ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pa á, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ níbi gbogbo. Bọ̀ọ̀dá mi fi iná fóònù tàn án. Ojú àpá náà ṣì hàn lórí òkúta. Ògiri sì gbé e dúró síbẹ̀.

A gbéra sí Leeds lọ́sàn-án. Ní ibi tí a ti dúró mu tíì lójú ọ̀nà, Bọ̀ọ̀dá mi pe Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n kí ìyá onígàrí náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n béèrè ọjà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, òrùlé òkè ńkọ́? Ṣé kò jò?"

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù. Ó ní ó ń jò ní igun iyàrá bàbá láti òjò èṣín, òun ti gbé báàfù sí i, òun sì ń da omi rẹ̀ nù láràárọ̀ kó má baà ba pákó jẹ́.

Bọ̀ọ̀dá mi yọ pẹ́ńsù tó máa ń wà lẹ́yìn etí wọn. Wọ́n yí ìwé ìwọlé Aydon síbi tó mọ́, wọ́n kọ "páànù" síbẹ̀, wọ́n sì ní kí ìyá náà lọ fi ẹsẹ̀ wọn igun náà, kó sọ fún àwọn bó ṣe fẹ̀ tó.